Yanrìn Kò Jẹ̀bi: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Koríko Àgbàlá ní Magodo

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ń rọ̀ ní Magodo, àwọn olódòdó ẹ̀bá ọ̀nà a máa já koríko sílẹ̀ nínú àpò, gádínà a tò ó sórí yanrìn, kó sì tó di oṣù kẹjọ, àgbàlá ti tutù yọ̀yọ̀ débi pé onílé á dúró wò ó kó tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá wá di oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ti dé, koríko yẹn kan náà á ti pọ́n, á ti gbẹ, yanrìn á sì ti máa yọjú láàárín rẹ̀. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Onílé á ní koríko burúkú ni olódòdó tà fún òun. Olódòdó á ní wọn ò bomi rin ín. Gádínà á ní ilẹ̀ ni kò dáa, pé yanrìn ni, pé kò sí ohun tí èèyàn lè gbìn síbẹ̀ tó máa pẹ́.

Mo ti gbé ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, mo sì gbà pé yanrìn kò jẹ̀bi tó bí wọ́n ṣe ń dá a lẹ́bi. Ebi ló ń pa á. Ohun tó lè yó o kò jìnnà rárá: ìjọba ìbílẹ̀ Kọ́ṣọ́fẹ́ tí Magodo wà nínú rẹ̀ ló ń kó o dànù lójoojúmọ́, ní ọjà Mile 12, ní Kétu, ní ẹnu géètì ilé wa gan-an. Owó tí à ń ná sórí ilẹ̀ dúdú, oògùn àti koríko tuntun lọ́dọọdún ìbá dín kù jọjọ ká ní a mọ irú yanrìn tí a ní, tí a sì mọ bí a ṣe ń bọ́ ọ.

Yanrìn Magodo kì í ṣe oríṣi kan. Apá òkè, láti ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà CMD wọ Ṣàngíṣà, ilẹ̀ àdáyébá ni, ó sì ga ju bí ilẹ̀ Èkó ṣe sábà máa ń rí lọ. Ó wà lórí ìpele yanrìn àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Coastal Plain Sands, èyí tó gba apá púpọ̀ nínú gúúsù Nàìjíríà. Yanrìn ló wà lójú ilẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wà á wọlé díẹ̀, ẹ ó bá erùpẹ̀ pupa tó ní amọ̀ nínú. Òjò àìmọye ọdún ti fọ ohun aṣaralóore kúrò lára rẹ̀, ilẹ̀ náà sì kan díẹ̀. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìṣẹ̀rí àti odò Ògùn, ọ̀rọ̀ tibẹ̀ yàtọ̀. Irà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi kún un kí ilé tó lè dúró. Yanrìn odò mọ́ tónítóní, nítorí omi ti ṣan amọ̀ àti ilẹ̀dú kúrò nínú rẹ̀. Ìdí yìí gan-an ni bíríkìlà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ni koríko ò ṣe rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ tún fi ti ìdí ògiri kún un, níbi tí àwọn tó kọ́lé ti da àjẹkù sìmẹ́ǹtì àti òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í kan, ó máa ń le koko ni, koríko tó ń ṣe dáadáa ní àárín àgbàlá lè máa pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí òun ní kò nílò láti gbé ilẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò kankan. Ẹ wá ìgò tó mọ́ gaara tó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ ọmọdé, ẹ bu ilẹ̀ sí i dé ìdámẹ́ta rẹ̀, ẹ da omi sí i, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ mì í jìgìjìgì, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀. Yanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀ kí ẹ tó ka ọgọ́ta tán. Erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ lè lo ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó sọ̀kalẹ̀, omi á sì dúdú ní gbogbo àsìkò yẹn. Ohun dúdú tó bá léfòó, ìjẹrà ewé àti gbòǹgbò nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn odò tí wọ́n fi kún irà, omi á ti mọ́ gaara lórí rẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀ tán, kò sì ní sí ohun kan tó léfòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ yanrìn lè tóbi tó mìlímítà 2, ẹyọ amọ̀ kò tó mìlímítà 0.002. Àlàfo tó wà láàárín ẹyọ yanrìn tóbi, omi a sì gba ibẹ̀ kọjá wọ inú ilẹ̀ lọ bí ẹní da omi sínú ajere. Mítà kan ilẹ̀ yanrìn kò sábà lè pa ju nǹkan bíi mìlímítà 50 sí 80 omi mọ́ fún gbòǹgbò. Ilẹ̀ tí amọ̀ àti yanrìn ti dọ́gba lè pa ìlọ́po méjì rẹ̀ mọ́. Koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, nǹkan bíi mìlímítà 10 péré ló ní nípamọ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ó lè mu mìlímítà 4 tàbí 5 nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì, omi ti tán. Ìdí nìyí tí koríko orí yanrìn fi lè máa gbẹ nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, tí aládùúgbò tó wà lórí erùpẹ̀ pupa kò sì tíì mọ̀ pé òjò ti dáwọ́ dúró.

Bó ṣe rí fún omi ló rí fún oúnjẹ. Amọ̀ àti ilẹ̀dú ló ń di oúnjẹ ewéko mú nínú ilẹ̀. Yanrìn kò ní ọwọ́ tí yóò fi dì í mú. Òjò tó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dún kan ju mìlímítà 1,500 lọ, ó sì ń fọ naitirójìn àti pòtásíọ̀mù lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò tó rí wọn gbà. Yúríà tí èèyàn fọ́n lọ́sàn-án, tí òjò ńlá rọ̀ lé lóru, kò fún koríko ní nǹkan kan, inú omi abẹ́ ilẹ̀ tí a tún ń fi ẹ̀rọ fà mu ló lọ.

Síbẹ̀, yanrìn ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kó dájú. Ní St Andrews ní Scotland, orí ilẹ̀ yanrìn etí òkun ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Láti 1960 ni ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, USGA, ti gbé ìlànà jáde fún kíkọ́ ojú pápá tí ihò wà, yanrìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 yanrìn tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn pápá ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2022 ní Qatar, orí yanrìn ni koríko wọn náà ti hù. Ohun tí wọ́n ń wá nínú yanrìn ni pé kì í ki, ẹsẹ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́ pa, omi kì í dúró lé e lórí. Òjò ńlá lè rọ̀ ní Magodo, kí ọmọ máa sáré lórí koríko yanrìn ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ pupa ṣì ń rọ́ mọ́ bàtà. Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ báyìí, ẹ̀bùn ńlá ni. Àmọ́ àwọn pápá tí mo dárúkọ ní òṣìṣẹ́ tó ń fún wọn ní omi àti ajílẹ̀ ní ìwọ̀nba, nígbà gbogbo. Níbi tí agbára irú ìyẹn kò ti sí, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà ayé àmúnisìn kò fipá gbin koríko: yanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká ní ọ̀pọ̀ pápá, wọ́n sì ń pè é ní browns.

Oògùn tí gbogbo ayé máa ń júwe fún yanrìn ní Èkó ni ilẹ̀ dúdú tí típà ń já. Ọ̀rọ̀ yìí ló gba àlàyé jù lọ, torí òun ló ń gba owó jù lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé típà á já ilẹ̀ dúdú sí ẹnu géètì, àwọn òṣìṣẹ́ á fi wílíbárò kó o wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹ lé orí yanrìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, wọ́n á gbin koríko sí i, iṣẹ́ ti parí. Ojú á tutù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ padà lọ síbẹ̀ lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi àdá gé igun kan ní ojú àgbàlá náà, kí ẹ sì ṣí i sókè bí ẹní ṣí ẹní. Ẹ ó rí ilẹ̀ dúdú lókè, yanrìn funfun nísàlẹ̀, ààlà tó wà láàárín wọn á sì tọ́ gbọnrangandan. Gbòǹgbò koríko á sọ̀kalẹ̀ dé ààlà yẹn, á yí sí ẹ̀gbẹ́, á sì máa rákò lọ lórí yanrìn láìwọ inú rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ àti omi tí koríko náà ní láyé, inú ìka mẹ́rin yẹn ló wà.

Omi ló fà á, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí ilẹ̀ kíkúnná bá wà lórí yanrìn tó lẹ́yọ, omi kì í tètè kọjá láti inú èkíní bọ́ sínú èkejì. Ilẹ̀ kíkúnná a máa di omi mú títí yóò fi kún dẹ́nu kó tó tú u sílẹ̀. Nígbà òjò, apá òkè á rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń dá gbòǹgbò lọ́lá nísàlẹ̀ kò sí, torí gbòǹgbò kò tíì débẹ̀ rí. Owó ti wọlé, ilẹ̀ ti di ìpele méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro, àárẹ̀ ló ní: ẹ tẹ́ ìdajì ilẹ̀ náà, ẹ fi ọkọ́ rò ó pọ̀ mọ́ yanrìn títí dé sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ ìdajì tó kù, kí ẹ tún rò ó díẹ̀. Kí ààlà má sí.

Ilẹ̀ dúdú náà tún ní ẹrù mìíràn lórí. Ibì kan ni wọ́n ti wà á, etí irà tàbí oko ẹnì kan, ibẹ̀ ló sì kù ní ìhòòhò. Hóró èpò sì máa ń bá a wá. Èyí tó burú jù ni èpò tó jọ òfio, tó ní kókó kéékèèké lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ fà á tu lónìí, kókó tó kù nísàlẹ̀ á tún rú jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Patanmọ́ náà a máa tẹ̀ lé e, ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí koríko á sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ dúdú mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ìjẹrà tó sọ ọ́ di dúdú, a sì lè ṣe ìyẹn fúnra wa.

Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ ibi tí ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn wọ́n: ìdí ààtàn ni. Ewé iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú àti ìgbẹ́ adìyẹ tí wọ́n dà síbẹ̀ ló sọ ilẹ̀ lásán di ilẹ̀dú. Kọ́ṣọ́fẹ́ òde òní ní ààtàn tó ju ti agbo ilé kankan lọ. Ọjà Mile 12 ni tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu láti òkè ọya ti ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tó bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà tàbí nínú agbọ̀n kì í ṣe kékeré. Olúṣòsùn ní Ojọ́ta, tí wọ́n ṣí ní 1992, wà lára àwọn ààtàn tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, ohun jíjẹrà sì kún inú ohun tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, ó ń jẹrà láàárín nájílọ́ọ̀nù àti páànù, kò lè wúlò fún ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní Odógunyàn ní Ìkòròdú, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti sọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀. Ọ̀nà tó dáa ni. Ó dùn mí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbàlá ń gbẹ ní Magodo nítorí àìrí ohun jíjẹrà.

Ẹ tún wo ẹnu géètì. Ewé máńgòrò, ewé igi fúrúùtù, koríko tí gádínà gé: gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú àpò, tí ọkọ̀ akólẹ̀ á wá gbé lọ. Koríko tí a gé, bí ó bá kúrú, kò yẹ kó kúrò lórí àgbàlá rárá. Á rọ, á wọlẹ̀, á sì dá nǹkan bí ìdámẹ́rin naitirójìn tí koríko náà nílò lọ́dún padà fún un. Ewé gbígbẹ ẹ kó jọ sí igun kan lẹ́yìn ilé, ẹ bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ẹ fi omi wọ́n ọn, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò ṣeé dà sórí koríko tààrà, torí ó máa ń jó o. Ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ títí ooru àti òórùn rẹ̀ á fi lọ. Lẹ́búlẹ́bú igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó náà dára, àmọ́ tútù rẹ̀ máa ń jí naitirójìn inú ilẹ̀ gbé kí ó tó jẹrà, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ bá ìgbẹ́ adìyẹ gbé fún oṣù mélòó kan.

Mélòó ló tó? Fún àgbàlá tó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní òòró àti mẹ́wàá ní ìbú, ìpele ajílẹ̀ jíjẹrà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí a rò pọ̀ mọ́ yanrìn títí dé sẹ̀ǹtímítà 15, ni mo gbà pé ó yẹ kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Kúbíkì mítà márùn-ún nìyẹn, nǹkan bíi wílíbárò 75 sí 80. Ó pọ̀, kò sì ní àrékérekè nínú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká gbogbo àgbàlá, kó ṣe ìdajì dáadáa kó sì fi ìdajì tó kù dúró de ọdún mìíràn. Ó sàn ju kó fọ́n díẹ̀díẹ̀ káàkiri lọ. Kò tún ní parí síbẹ̀. Nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa, ilẹ̀dú kì í pẹ́ nínú yanrìn, àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹ sẹ́ ajílẹ̀ tó ti gbó, ẹ fọ́n ọn sórí koríko kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ráákì rọra gbá a wọlé.

Ohun jíjẹrà tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn tí Magodo nílò púpọ̀. Òkè ni ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yanrìn lásán lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í dúró de òjò kejì. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn láti 1970 títí di 1987, tó sì gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ìwọ̀n ilẹ̀ tí òjò ń fọ̀ lọ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó fi hàn ni pé ilẹ̀ tí pàǹtírí àti ewé bo kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ilẹ̀ ìhòòhò ló ń lọ. Níbi tí ilẹ̀ Magodo bá ti ga jù, tó ń wo ọ̀gbun, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi koríko ọ̀ṣọ́ dán an wò. Koríko vetiver ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ó sì ń di ilẹ̀ mú.

Ó wá kan irú koríko. Ọjà máa ń pe ju oríṣi kan lọ ní kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni Axonopus compressus, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń rákò lójú ilẹ̀, kò kọ ilẹ̀ kíkan, kò sì kọ òjìji. Lábẹ́ igi máńgòrò tí ilẹ̀ ti tutù, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn, nítorí náà lórí yanrìn gbangba láìsí omi, òun ló ń kọ́kọ́ kú. Stenotaphrum secundatum tún wà, ọ̀pá rẹ̀ ki, ewé rẹ̀ nípọn, ọmọ etí òkun ni. Ó fara da yanrìn àti òjìji, àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n gé òun kúrú. Bahama gíráàsì, Cynodon dactylon, ni ewé rẹ̀ tín-ín-rín, tó ń rákò lókè ilẹ̀ àti lábẹ́ ilẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi lọ jìnnà. Kò fẹ́ òjìji rárá. Níbi tí oòrùn ti ń ràn án láti àárọ̀ dalẹ́ lórí yanrìn Magodo, òun ni mo máa mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yọ́ wọ inú ebè òdòdó. Paspalum vaginatum, tó ń fara da iyọ̀, wà fún àwọn ará Lẹ́kì àti etí ọ̀sà. Yanrìn odò Ògùn kò ní iyọ̀, kò sí ìdí tí ará Magodo fi máa san owó lé e lórí ìyẹn.

Ilé kan lè ní ju irú kan lọ. Iwájú tí oòrùn ń pa, Bahama. Ẹ̀gbẹ́ tí òjìji ilé bò, kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbin irú kan yí gbogbo ilé ká, apá kan ni yóò máa dùn wọ́n wò, apá kan á máa bà wọ́n nínú jẹ́. Ìgbà tó sì dáa jù láti gbìn ni oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ló ń gbìn ín lóṣù kọkànlá nítorí àlejò ọdún Kérésì, wọ́n ń fi ọmọ ọwọ́ lé ẹ̀ẹ̀rùn lọ́wọ́. Bí a bá já ọ̀pá koríko sí wẹ́wẹ́ tí a gbìn wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn, Bahama lè bo ilẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta nínú òjò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tó fẹ́ tutù nílò nǹkan bíi mìlímítà 25 omi lọ́sẹ̀. Lórí mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, lítà 2,500 nìyẹn, ìyẹn táńkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi bọ́họ̀lù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lápò. Lórí yanrìn, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, láàárọ̀ kùtù, torí bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì rẹ̀ á kọjá gbòǹgbò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ oníkẹ́míkà: NPK 15-15-15, kílò kan ààbọ̀ lóṣù kan nígbà òjò fún àyè kan náà yẹn, sàn ju kílò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ní ti kòkòrò, ẹ máa ṣọ́ àwọn kòkòrò mùkúlú tó ń jẹ ewé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹun kánú máa ń tètè bọ́ nínú wàhálà wọn.

Ọ̀rọ̀ gígé ń bí mi nínú, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti ṣe é dáadáa. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ń fá àgbàlá Magodo kanlẹ̀ títí yanrìn á fi yọ. Gádínà kọ́ ló fà á nígbà púpọ̀. Onílé ló ní kó gé e mọ́lẹ̀ kó má baà tètè hù, kí owó gígé lè dín kù. Ewé ni ilé ìdáná koríko. Bí a bá gé e kọjá ìdámẹ́ta gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbòǹgbò á dáwọ́ dúró, oòrùn á sì máa se yanrìn tó ṣí sílẹ̀. Ẹ fi Bahama sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, kápẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bíi 5, Stenotaphrum ní 6 sí 8. Kí oṣù kejìlá tó dé, ẹ jẹ́ kó tún ga díẹ̀ sí i.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló kàn wá pẹ̀lú koríko gan-an. Ìbéèrè gidi ni. Àgbàlá àwọn baba wa, gbígbá ni wọ́n ń gbá a láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán. Koríko lójúde jẹ́ àmì ilé tí wọ́n ti pa tì, ibi tí ejò lè sá sí, wolé-wolé sì máa ń fi sọ èèyàn. Àwọn ilé òyìnbó Ìkòyí àti GRA ni koríko ọ̀ṣọ́ ti wọ ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ yanrìn rẹ̀ ní gbígbá, pẹ̀lú igi eléso díẹ̀, kò ṣẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe yanrìn gbígbá ló ń gbapò koríko ní Magodo, íntálọ́ọ̀kì àti koríko oníke ni. Íntálọ́ọ̀kì ń lé omi òjò jáde sí gọ́tà, gọ́tà ń lé e sísàlẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ní omi odò Ògùn tiwọn láti bá jà. Ẹni tó rí ọ̀gbàrá oṣù kẹwàá 2010 ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú àti ní Mile 12 kò ní fẹ́ fi omi kún un. Koríko oníke gbóná nínú oòrùn ọ̀sán, ojú rẹ̀ lè kọjá 60°C, ọmọ kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Yanrìn tí koríko bò ń gba omi wọlé, ó sì ń dá a padà fún ìpele tí bọ́họ̀lù wa ń mu níbẹ̀. Ìdí yìí ni mo fi ń jà fún un.

Ẹni tí kò bá lè ra omi ẹ̀ẹ̀rùn, kó má bẹ̀rù. Bahama máa ń sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ á pọ́n, ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ á sì wà láàyè. Lóṣù kejì, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni láti wá wú u kúrò, ẹ fi àdá gbẹ́ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, ẹ fi èékánná ha ọ̀pá náà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, tó sì rọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ bomi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì bí agbára bá wà, kí ẹ sì sẹ́ ajílẹ̀ tó ti gbó kalẹ̀ de òjò oṣù kẹta. Bí ó bá dúdú, tó sì ń kán kápákápá, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún gbìn.